Kùrukùru Kékeré Inú Òkùnkùn: Ìtàn Àwọn Tó Wá Agbo Ìràwọ̀ Láti Ẹ̀yìnkùlé

Bí a bá bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì wa léèrè pé kí ló mú kí ó ṣòro láti rí àwọn agbo ìràwọ̀ tó wà lókè ọ̀run, ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ wọn yóò fún wa ni pé wọ́n jìnnà jù. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n agbo ìràwọ̀ kan wà tí ojú lásán lè rí láti ilẹ̀ Yorùbá níbí, bẹ́ẹ̀ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti ń rìn bọ̀ fún nǹkan bí mílíọ̀nù méjì àbọ̀ ọdún kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Pẹ̀lú gbogbo jíjìn yẹn, ojú wa tó o rí. Ohun tó ń gbà á mọ́ wa lójú ni gílóòbù iná tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé kejì.

Mo mọ èyí ní alẹ́ ọjọ́ kan tí iná lọ ní àdúgbò wa ní Ìbàdàn, tí epo jẹnẹrétọ̀ sì ti tán ní gbogbo ilé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi yá mi ní awò olójú méjì, irú èyí tí àwọn ṣọ́jà máa ń gbé kọ́rùn. Mo wo apá àríwá fún ìgbà pípẹ́, mo sì rí i: kùrukùru kékeré kan tó gùn díẹ̀, bí èémí ẹnu lára dígí. N kò tíì kúrò nídìí rẹ̀ nígbà tí iná dé. Àwọn ọmọdé pariwo ayọ̀, èmi náà sì bá wọn pariwo. Nígbà tí mo gbé awò padà sójú, kùrukùru náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wádìí nípa àwọn tó wá irú kùrukùru yìí ṣáájú mi, pàápàá àwọn tó wá a láti ẹ̀yìnkùlé wọn.

Kí n tó tẹ̀síwájú, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ méjì. Agbo ìràwọ̀ ni mo ń pe ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní gálásì: ẹgbẹẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù ìràwọ̀ tó kó ara wọn jọ sójú kan, bí agbo ẹran tó ń jẹ̀ papọ̀. Oòrùn wa pẹ̀lú wà nínú ọ̀kan nínú wọn. Èyí tí mo rí lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni Andromeda, òun ló sún mọ́ wa jù nínú àwọn agbo ńláńlá. Ọ̀rọ̀ kejì ni tẹlisíkóòpù, ìyẹn awò ńlá tí a fi ń wo ohun tó wà lójú ọ̀run. Àwọn kan ń lo gíláàsì, àwọn mìíràn ń lo dígí tó tẹ̀ wọnú bí àwo ọbẹ̀.

Ìràwọ̀ kan ṣoṣo dà bí àbẹ́là tí a tàn sí òkèèrè, gbogbo ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wà lójú kan. Agbo ìràwọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó dà bí ẹfun tí a lọ̀ tí a sì fọ́n sórí tábìlì dúdú. Bí ó tilẹ̀ fẹ́lẹ́, ẹ ó rí i. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi aṣọ funfun bo tábìlì náà kí ẹ tó fọ́n ọn, ẹfun kò dín kù, síbẹ̀ ojú kò ní rí i. Ìmọ́lẹ̀ ìlú ni aṣọ funfun náà. Iná tí a tàn sókè ń kọlu eruku àti ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, ó sì ń padà sọ́dọ̀ wa láti ojú ọ̀run. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ti òde ìlú bọ̀ lálẹ́ ti rí ìmọ́lẹ̀ ràkọ̀ràkọ̀ yẹn lókè ìlú kí ó tó rí ilé kankan. Èyí tó wá burú níbẹ̀ ni pé tẹlisíkóòpù ńlá nìkan kò yanjú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí bí ó ṣe ń kó ìmọ́lẹ̀ agbo ìràwọ̀ jọ ni ó ń kó ìmọ́lẹ̀ ìlú jọ pẹ̀lú rẹ̀.

Àwọn ará àtijọ́ kò ní ìṣòro yìí. Ní ọdún 964, onímọ̀ ìràwọ̀ kan ní ilẹ̀ Páṣíà, Abd al-Rahman al-Sufi, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ìkùukùu kékeré kan wà ní ibi tí Andromeda wà. Kò sí tẹlisíkóòpù láyé nígbà náà. Ojú rẹ̀ àti òkùnkùn nìkan ló lò.

Nígbà tí tẹlisíkóòpù dé, ọkùnrin tó kó kùrukùru jọ jù ní ìbẹ̀rẹ̀ kò tilẹ̀ fẹ́ràn wọn. Charles Messier ni orúkọ rẹ̀, orí ilé kan tí wọ́n ń pè ní Hôtel de Cluny ní Paris ló sì ti ń ṣọ́ ojú ọ̀run. Ìràwọ̀ onírù ló ń wá, nítorí ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ọ̀kan, òkìkí rẹ̀ á kàn. Wàhálà rẹ̀ ni pé àwọn kùrukùru kéékèèké kan wà tó jọ ìràwọ̀ onírù, ṣùgbọ́n tí wọn kì í rìn láti alẹ́ dé alẹ́ bí ìràwọ̀ onírù ṣe ń rìn. Wọ́n ń fi àkókò rẹ̀ ṣòfò. Ni ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà sílẹ̀, kí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ má baà tún ṣì wọ́n mú. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1781, àkọsílẹ̀ náà ti pé 103. Àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ fi díẹ̀ kún un títí ó fi di 110, nǹkan bí 40 nínú wọn ló sì jẹ́ agbo ìràwọ̀. Ó ń pa mí lẹ́rìn-ín pé ìwé tí àwọn tó ní tẹlisíkóòpù kékeré ń lò jù lónìí láti wá agbo ìràwọ̀ ni ìwé tí ọkùnrin yìí kọ kí ó lè yẹra fún wọn.

Tẹlisíkóòpù Messier kò tóbi. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tó lò, ẹnu wọn kò ju ìbú àwo ìjẹun ọmọdé lọ. Paris sì ni ó wà, ìlú ńlá tí àtùpà ti wà lójú pópó rẹ̀ láti ọdún 1667. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 1773, ó rí agbo ìràwọ̀ tí a ń pè ní M51 lónìí. Àtùpà nígbà náà kò lágbára tó láti tẹ́ aṣọ funfun bo ojú ọ̀run. Ẹni tó bá gbé irú tẹlisíkóòpù yẹn dúró sí àárín Paris nísinsìnyí yóò jẹ̀rora gidi kó tó rí M51, bí yóò bá tilẹ̀ rí i.

Ẹni tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn ni Caroline Herschel. Ìlú Hanover ní ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1750. Àìsàn kan ṣe é ní kékeré tó fi jẹ́ pé kò ga mọ́. Nígbà tó dàgbà tán, ó fi díẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ. Ìyá rẹ̀ kò fẹ́ kó kàwé, iṣẹ́ ilé ló fẹ́ kó máa ṣe. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, William, tó jẹ́ olórin ní ìlú Bath ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló wá mú un lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ ní ọdún 1772. Caroline kọ́ orin, ó sì ń kọrin níwájú èrò. Ṣùgbọ́n William ti kó sínú ìfẹ́ ìràwọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń rọ dígí tẹlisíkóòpù rẹ̀ nínú ilé tí wọ́n ń gbé. Ní ọdún 1781, nígbà tí wọ́n fẹ́ rọ dígí ńlá kan, ìgbẹ́ ẹṣin tí wọ́n gún ni wọ́n fi ṣe ohun ìdà rẹ̀. Irin yíyọ́ náà jò sórí ilẹ̀ tí wọ́n fi òkúta tẹ́, òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ́ sókè, gbogbo wọn sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Nínú ọgbà ẹ̀yìnkùlé ilé yẹn, ní ojúlé 19 ní òpópónà New King Street, ni William ti rí pílánẹ́ẹ̀tì Uranus ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún yẹn kan náà. Ẹ̀yìnkùlé lásán ni o, kì í ṣe ilé ìjọba. Nítorí ìyẹn ni ọba fi ń san £200 fún un lọ́dọọdún, tí wọ́n sì kó lọ sí Datchet, lẹ́bàá ààfin Windsor, ní ọdún 1782.

Níbẹ̀ ni William ti fún Caroline ní tẹlisíkóòpù kékeré kan, ó ní kó máa wá ìràwọ̀ onírù. Ẹnu tẹlisíkóòpù náà fi díẹ̀ ju ínǹṣì mẹ́rin lọ. Inú rẹ̀ kò kọ́kọ́ dùn sí i, nítorí ó tutù lóde, kò sì sí ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹjọ ọdún 1783, ó rí kùrukùru kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Andromeda. A ń pè é ní NGC 205 lónìí. Messier ti rí i ní 1773, ṣùgbọ́n kò kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, nítorí náà fúnra Caroline ló rí tirẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé kùrukùru yìí, yóò tún padà wá. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ó tún rí òmíràn, NGC 253, tí ẹnì kankan kò tíì rí rí. Agbo ìràwọ̀ ńlá ni. Láti Datchet, ìsàlẹ̀ ojú ọ̀run ní gúúsù ló máa ń gbà kọjá, kò ga ju orí igi lọ púpọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ohun kan ṣẹlẹ̀ tí àwọn ìwé kì í sọ̀rọ̀ lé púpọ̀, tó sì ń dun èmi. Àwọn kùrukùru tí Caroline ń rí jẹ́ kí ó wu William náà láti wá wọn, ó sì kan tẹlisíkóòpù ńlá kan tó gùn tó 20 ẹsẹ̀ bàtà. Òfin ojú ènìyàn ni pé ó gbọ́dọ̀ wà nínú òkùnkùn fún bí ìṣẹ́jú 20 sí 30 kí ó tó mọ òkùnkùn lára. Bí ẹni náà bá wo iná lẹ́ẹ̀kan péré, ó di dandan kó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá rí nǹkan gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, a kì í sì í kọ̀wé láìsí iná. Báwo ni William ṣe yanjú rẹ̀? Ó fi Caroline jókòó sídìí àbẹ́là. William á dúró sókè nínú òkùnkùn, á máa pariwo ohun tó rí, Caroline á sì máa kọ ọ́. Láàárín nǹkan bí ogún ọdún, wọ́n kọ kùrukùru bí 2,500 sílẹ̀. Iṣẹ́ ńlá gbáà ni. Ṣùgbọ́n ojú ẹni tó jókòó sídìí àbẹ́là kò lè rí kùrukùru. Caroline fi òkùnkùn tirẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè ríran.

Kò tán síbẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1783, yìnyín bo ilẹ̀, William sì ní kó ṣe kíá wá yí nǹkan kan nídìí tẹlisíkóòpù. Caroline sáré nínú òkùnkùn, ìkọ́ irin kan sì wọ itan rẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa fa ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ, ẹran ara rẹ̀ ṣẹ́ kù sára irin. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìràwọ̀ onírù mẹ́jọ ló rí kó tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ìgbà tí William kò sí nílé ló sì rí àkọ́kọ́ wọn, ní ọdún 1786, ìyẹn ni pé òkùnkùn di tirẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ọba bẹ̀rẹ̀ sí í san £50 fún un lọ́dọọdún. Ó lé ní 97 ọdún kó tó kú ní 1848.

Nínú gbogbo àkókò yìí, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí kùrukùru náà jẹ́ gan-an. Àwọn kan sọ pé èéfín ni, àwọn mìíràn sọ pé ìràwọ̀ ni. Ìdáhùn wá láti òkè Wilson, tó wà lókè ìlú Los Angeles ní Amẹ́ríkà. Tẹlisíkóòpù tí dígí rẹ̀ fẹ̀ tó 100 ínǹṣì wà níbẹ̀ láti 1917, òun ló sì tóbi jù láyé nígbà náà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1923, Edwin Hubble fi ya fọ́tò Andromeda, ó rí ìràwọ̀ kan níbẹ̀ tó ń mọ́lẹ̀ tó sì ń ṣú, ó sì fi ìyẹn ṣírò bí ó ṣe jìnnà tó. Ó jáde pé Andromeda kò sí nínú agbo tiwa rárá. Agbo mìíràn ni, tó dá dúró.

Ibi tí wàhálà wà ni ìsàlẹ̀ òkè náà. Ní ọdún 1900, ènìyàn bí 100,000 ló ń gbé ní Los Angeles. Ní 1940, wọ́n ti di mílíọ̀nù kan àbọ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú iná tirẹ̀. Fọ́tò tí àwọn onímọ̀ ń yà, orí gíláàsì ni wọ́n ń yà á sí, wọ́n sì ní láti ṣí i sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí ìmọ́lẹ̀ tó fẹ́lẹ́ lè wọlé. Ìmọ́lẹ̀ ìlú náà á sì bá a wọlé, gíláàsì á wá di dúdú pátá. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ tẹlisíkóòpù tó fẹ̀ tó 200 ínǹṣì, wọn kò gbé e sórí òkè Wilson mọ́. Òkè Palomar, tó jìnnà sí Los Angeles, ni wọ́n gbé e lọ.

Nígbà náà ni ogun dé. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ òkè Wilson ni Walter Baade, ọmọ Jámánì tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti 1931. Ó ti fẹ́ di ọmọ Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ sọnù nígbà tó ń kó láti ilé kan sí òmíràn, kò sì parí rẹ̀. Bí Amẹ́ríkà ṣe wọ ogun ní ìparí ọdún 1941, ìjọba kà á sí ọmọ ilẹ̀ ọ̀tá, wọ́n sì ní kò gbọdọ̀ jáde nílé láàárín aago mẹ́jọ alẹ́ sí aago mẹ́fà òwúrọ̀. Ẹ wo irú òfin tí wọ́n ṣe fún ẹni tó jẹ́ pé òru niṣẹ́ rẹ̀! Àwọn ọ̀gá rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ títí wọ́n fi gbà kó máa gun òkè. Hubble àti àwọn mìíràn ti lọ ṣe iṣẹ́ ogun. Baade nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kù tó ń lo tẹlisíkóòpù ńlá náà. Ìlú ìsàlẹ̀ sì ti dín iná kù, nítorí ẹ̀rù ọkọ̀ òfuurufú àwọn ará Japan ń bà wọ́n.

Hubble ti rí àwọn ìràwọ̀ ní etí Andromeda, ṣùgbọ́n àárín rẹ̀ jẹ́ kùrukùru lásán fún gbogbo ẹni tó ti ya fọ́tò rẹ̀. Ní ọdún 1943, Baade lo irú gíláàsì fọ́tò kan tó ń gba ìmọ́lẹ̀ pupa. Gíláàsì yìí lọ́ra, ó ń fẹ́ wákàtí púpọ̀, bí ìlú bá sì tan iná bó ṣe ń tàn án tẹ́lẹ̀, kò ní ṣeé lò. Ó dúró nídìí rẹ̀ láti òru dé òru, ó ń fi ọwọ́ tún ojú tẹlisíkóòpù ṣe díẹ̀díẹ̀ bí òtútù ṣe ń yí dígí padà. Nígbà tó fọ gíláàsì náà, àárín Andromeda ti fọ́n ká di ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìràwọ̀ pupa tó kéré bí orí abẹ́rẹ́. Ó yí tẹlisíkóòpù sí àwọn agbo kéékèèké méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn náà di ìràwọ̀. Ọ̀kan nínú méjèèjì ni NGC 205, kùrukùru tí Caroline rí ní 160 ọdún ṣáájú.

Ní 1944, ó tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Ó ní oríṣi ìràwọ̀ méjì ló wà: àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ búlúù tó wà ní apá etí, àti àwọn àgbà pupa tó wà láàárín. Ohun tó ti inú èyí jáde tóbi ju ohun tó dà lọ. Ìràwọ̀ amọ́lẹ̀-ṣú tí Hubble fi ṣírò pẹ̀lú jẹ́ oríṣi méjì, a sì ti fi ìwọ̀n ọ̀kan wọn èkejì. Ní ìpàdé kan ní Róòmù ní ọdún 1952, Baade sọ fún àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ pé gbogbo agbo ìràwọ̀ jìnnà sí wa ní nǹkan bí ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n rò. Àgbáńlá ayé di ìlọ́po méjì ara rẹ̀, nítorí pé ìlú kan dín iná kù.

Mo ti rò ó títí bóyá ká máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ogun. Àwọn ìwé kan máa ń sọ ọ́ bíi pé oore ni ogun ṣe fún ìmọ̀. N kò gbà. Ogun kọ́ ló ya fọ́tò Andromeda. Iná tí a pa ni, a sì lè pa iná láìjagun. Ẹ̀rí rẹ̀ ni ìlú Flagstaff ní Arizona, níbi tí ilé ìwo-ìràwọ̀ Lowell wà. Ní ọdún 1958, ìlú náà ṣe òfin pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi iná alágbára tó ń gbá kiri ojú ọ̀run polówó ọjà mọ́. Kò sí ọ̀tá tó ń bọ̀ wá bá wọn. Wọ́n kàn jókòó, wọ́n sì fẹnu kò ni. Ní 2001, Flagstaff di ìlú àkọ́kọ́ láyé tí wọ́n fún ní oyè ìlú tó ń dáàbò bo òkùnkùn òru.

Ẹ̀yìnkùlé náà kò dákẹ́. Ní San Francisco, John Dobson, tó ti jẹ́ ọmọ ilé àwọn onísìn kan, ń fi páìpù páálí àti ògbólógbòó gíláàsì fèrèsé ọkọ̀ ojú omi ṣe tẹlisíkóòpù, ó sì ń gbé e sí ẹ̀gbẹ́ títì kí ẹni tó ń kọjá lè wò. Àwòṣe rẹ̀ ló sọ tẹlisíkóòpù ńlá di ohun tí káfíńtà lè kàn. Ní Ọsirélíà, pásítọ̀ kan tó ń jẹ́ Robert Evans ń wo ọgọ́rọ̀ọ̀rún agbo ìràwọ̀ láti àgbàlá ilé rẹ̀. Ó ti há ìrísí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sórí, bí ìyá ṣe mọ ojú àwọn ọmọ rẹ̀. Bí ìràwọ̀ kan bá bú gbàmù nínú wọn, òun á rí i pé àlejò ti dé. Láti 1981 lọ, ó rí irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ tó lé ní 40, pẹ̀lú ojú rẹ̀ lásán nídìí awò. Kò sí ẹlòmíràn tó fi ojú rí tó bẹ́ẹ̀. Ó kú ní ọdún 2022.

Àwọn tó ń gbé nínú ìlú oníná ní ọgbọ́n tiwọn. Wọ́n máa ń fi aṣọ dúdú bo orí mọ́ awò kí iná àdúgbò má baà wọ ojú wọn. Iná pupa fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ń ka ìwé, torí kì í tètè ba ojú tó ti mọ òkùnkùn lára jẹ́. Wọ́n máa ń dúró di ìgbà tí agbo ìràwọ̀ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àtàrí, nítorí afẹ́fẹ́ oníná pọ̀ jù ní ìsàlẹ̀. Wọn kì í sì í wò ó ní tààràtà. Ẹ̀gbẹ́ ojú ni wọ́n fi ń wò ó, ibẹ̀ ni ojú ti lágbára jù nínú òkùnkùn. Nílé wa, ẹni tó bá ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo àgbà yóò gba ìfọ́tí, ṣùgbọ́n agbo ìràwọ̀ kò bínú sí i. Àwọn olówó ti ń lo kámẹ́rà tó ń ya ọgọ́rọ̀ọ̀rún fọ́tò, tí kọ̀ǹpútà á pa pọ̀, á sì yọ ìmọ́lẹ̀ ìlú kúrò nínú rẹ̀. Ó dára, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2016 fi hàn pé nínú ènìyàn 10 láyé, ó ju 8 lọ tó ń gbé lábẹ́ ojú ọ̀run tí iná ti bà jẹ́. Kò sí kámẹ́rà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Mo padà sọ́dọ̀ Caroline. NGC 253 tó rí lókè orí igi ní Datchet kì í wà nísàlẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Nítorí pé a sún mọ́ ìlà àárín ayé, ó máa ń ga ju ìdajì ọ̀nà sí àtàrí lọ lójú ọ̀run Ìbàdàn, ní bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ láàárín oṣù kọkànlá, kí eruku ọyẹ́ tó bo ibi gbogbo. Àǹfààní tí Caroline kò ní, àwa ní in. Awò olójú méjì tó o rí níbi tí òkùnkùn bá wà. Mo ti wá a nígbà mẹ́ta ní àgbàlá wa, apá gúúsù ni, ibẹ̀ sì ni òpó iná títì tuntun wà. N kò tíì rí i. Ní ìsinmi tó ń bọ̀, mo fẹ́ lọ sí abúlé ìyá mi àgbà, mo sì ti bẹ ẹ̀gbọ́n bàbá mi pé kí ó tún yá mi ní awò náà.